Ẹ bi ẹni tó máa jókòó tì yín léèrè: àlàyé lórí ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìṣípò ọkàn ṣe

Láti ìgbà tí ìròyìn ti ń dé pé àwọn dókítà kan lókè òkun ti ń fi olú àti àwọn oògùn tí ìjọba fòfin dè tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn ní Òṣogbo. Èyí tó tún dá kún un ni àwọn ìkéde orí WhatsApp tó ń pe èèyàn wá kọ́ breathwork (mímí kíákíá títí ọkàn á fi ṣípò) tàbí hypnosis (fífi ọ̀rọ̀ mú ọkàn ẹni wọ ipò mìíràn), kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n sì máa tọ́jú èèyàn. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan nítòsí Ọlá-Ìyà, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń búra pé igbó ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí dókítà máa fún aláìsàn. Ẹnìkejì ní rárá, iṣẹ́ elégùn tiwa ni òyìnbó jí kó. Ìyá aláṣọ kan tó mú ọmọ wá gẹrun ní òun ò mọ èwo ni òótọ́, àmọ́ àbúrò òun ti san owó ẹ̀kọ́ náà, òpin ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ní yóò gbà. Ó wá kọjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ̀wé, kí ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ gan-an?"

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa máa bi nìyẹn. Orí oògùn ni àríyànjiyàn wà, bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ oògùn kọ́ ló gba àyè jù.

Kí ni ìṣípò ọkàn, ta sì ni therapist?

Bí a ṣe wà yìí, tí a mọ orúkọ ara wa, tí a mọ̀ pé ọjà ń dúró dè wá, tí a sì lè yan ohun tí a fẹ́ rò, ipò tí ọkàn máa ń wà lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìgbà mìíràn wà tí kì í sí níbẹ̀. Ìlù lè dún títí kí ojú oníjó yí padà. Ẹni tó gbààwẹ̀ tó tún ṣe àìsùn léraléra lè máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí. Ibà líle ń fà á, oògùn kan ń fà á, kéèyàn máa mí gúlegúle fún bíi wákàtí kan náà ń fà á. Àkókò á gùn tàbí kó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹkún á gbọ̀n èèyàn láìnídìí, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn á dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìṣípò ọkàn. Wèrè kọ́ ni, torí ó nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó sì nígbà tó ń parí. Ó máa ń kọ̀ láti parí fún àwọn kan ṣá o. A máa débẹ̀.

Therapist ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ìdààmú ọkàn. Kò di dandan kó jẹ́ dókítà, kì í sì í ṣe ẹni tó kàn mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ. Ẹni tó ní ìṣòro á máa wá bá a, bóyá ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, wọ́n á sì jọ máa tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣeé sọ. Ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ pa ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀ lè wá fún odindi ọdún kan kó má lè dé orí ọjọ́ yẹn. Bó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, àyà rẹ̀ á já, á sì dákẹ́. Èrò àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú yìí ni pé bí ọkàn bá ṣípò, ẹ̀rù tó dínà á dín kù, ẹni náà á sì lè kojú ohun tó ti ń sá fún. Ìṣípò ọkàn kò wo ẹnikẹ́ni sàn fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe ni ìtọ́jú.

Ibo ló ti ṣẹ̀ wá?

Ní 1843, James Braid, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, kọ ìwé kan lórí hypnosis tó gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn onídán. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1943, Albert Hofmann ní Basel lórílẹ̀-èdè Switzerland ṣèèṣì fara kan LSD, oògùn tó ń mú kéèyàn rí ohun tí kò sí, tí òun fúnra rẹ̀ ti pò ní 1938. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fi í tọ́jú èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn ni Stanislav Grof, tí wọ́n bí ní Prague ní 1931, tó sì kó lọ sí Maryland ní Amẹ́ríkà ní 1967. Nígbà tí òfin ká LSD mọ́, tí àdéhùn àgbáyé ti 1971 sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, òun àti Christina ìyàwó rẹ̀ wá ọ̀nà tí kò lóògùn nínú ní California: mímí kíákíá, orin, àti ẹnìkan tó jókòó tini. Wọ́n pè é ní Holotropic Breathwork. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ breathwork tó ń lọ káàkiri lónìí ti yọ.

Nílé tiwa, ní 1954 ni Thomas Adeoye Lambo dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Aro, Abẹ́òkúta. Aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ náà. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, wá bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1950. Ó wádìí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń tọ́jú wèrè, títí kan ewé asofẹ́yẹjẹ, nígbà tó sì di 1968 ó ṣe olóòtú ìwé kan lórí ìgùn òrìṣà àti ìṣípò ọkàn. Kò yé mi ìdí tí àwọn olùkọ́ orí WhatsApp fi máa ń ki California tí wọn kì í dárúkọ Aro.

Ṣé iṣẹ́ elégùn kọ́ nìyẹn?

Ará Òṣogbo tó ti wo ọdún Ọ̀ṣun, tàbí tó ti wà ní àìsùn ìjọ aláṣọ funfun níbi tí ẹ̀mí ti gbé èèyàn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìṣípò ọkàn wà. Àmọ́ elégùn kì í ṣe aláìsàn. Òrìṣà ló gùn ún, gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ohun tó bá sọ, òun fúnra rẹ̀ lè má rántí nǹkan kan bó bá tán. Ẹni tó wá fún ìtọ́jú ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, torí ohun tó bá rántí ni òun àti therapist máa fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sì bá ìlú sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń gbọ́.

Ohun tó jọra níbẹ̀ ni ti eégún àti atọ́kùn. Mi ò ní tú awo. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ará ọ̀run kì í mọ ojú ọ̀nà ayé dáadáa. Atọ́kùn ló ń sọ fún un pé kòtò ń bẹ níwájú, òun ló ń fi pàṣán lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, òun ló mọ ìgbà tó tó kí wọ́n padà sí ìgbàlẹ̀. Kì í bá eégún díje ijó. Bí eégún bá sì fẹsẹ̀ kọ, òun ni àwọn àgbà máa bi. Iṣẹ́ atọ́kùn yìí ni wọ́n ń kọ́ therapist. Bí wọ́n ṣe ń mú kí ọkàn ṣípò, ọ̀sán ọjọ́ kan tó láti kọ́ ọ. Ìyókù ló ń gba ọdún.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ gan-an?

Wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn padà. Ẹni tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ ti ní àrùn ọpọlọ tó máa ń mú kéèyàn gbọ́ ohùn tí kò sí, tàbí èyí tó máa ń gbé inú èèyàn sókè sódò, wọn kì í sábà gbà á, torí ó lè lọ kó má bọ̀ bọ̀rọ̀. Ti mímí kíákíá tún ní ti ara lọ́tọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, wárápá, àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, oyún, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwa tí a mọ iye àwọn bàbá àti ìyá tó ń rìn kiri Òṣogbo tí wọn ò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn rí, a mọ̀ pé ibi àyẹ̀wò yìí gan-an ni ẹ̀mí èèyàn wà. Ẹni tó kó ogún èèyàn sí gbọ̀ngàn kan, tó ní kí wọ́n máa mí, láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn náà ni àdéhùn. Therapist àti ẹni tó fẹ́ gba ìtọ́jú á ti pàdé ní ìgbà bíi mélòó kan kí ọjọ́ náà tó dé. Wọ́n á sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kanni láìfi bò: ṣé mo lè di ọwọ́ yín mú bí ẹ̀rù bá bà yín? Ṣé ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn yín rárá? Ohun tí ẹ kò bá fọwọ́ sí nígbà tí ojú yín dá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ rẹ̀ lẹ́nu yín nígbà tí ojú yín kò dá mọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ní "dúró", ojú yín ì báà dá kó má dá, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìjókòó gan-an ló kù. Ní yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ọ̀nà ti Grof, méjì méjì ni wọ́n ń pín akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan á dùbúlẹ̀ sórí ẹní pẹ̀lú ìrọ̀rí àti aṣọ tó bo ojú, èkejì á jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi mímu, tíṣù, àti ike bí èébì bá gbé e. Wọ́n á gbé orin sókè. Ẹni tó dùbúlẹ̀ á máa mí jinlẹ̀, kíákíá, láìdánudúró. Kò ní pẹ́ tí ìka ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣe é yínrìnyínrìn, ètè náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka lè ká kò, kí ọwọ́ le gan-an tí kò fi ní ṣeé nà. Iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí kọ́ nìyẹn: mímí àmíjù ló lé afẹ́fẹ́ carbon dioxide kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ sún kì, iṣan ara náà sì fà le. Bó bá dẹwọ́ mímí, ọwọ́ á nà padà. Láàárín èyí ni ẹkún lè dé, tàbí ẹ̀rín, tàbí ariwo.

Olùkọ́ kì í wo ẹni tó ń sunkún. Ẹni tó jókòó tì í ló ń wò. Ṣé á sáré na ọwọ́ rẹ̀? Ṣé á bẹ̀rẹ̀ àdúrà? Ṣé á máa wo fóònù? Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ni kó wà níbẹ̀, kó ṣọ́ ọ kó má fi orí gbá ògiri, kó má sì gba iṣẹ́ náà ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí le fún Yorùbá, ẹ má purọ́. Kí ẹnìkan máa ké níwájú wa ká má sọ pé "pẹ̀lẹ́, ó tó, má sunkún mọ́"? Ilé kọ́ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "má sunkún mọ́" yẹn gan-an ló ti ń dí ẹkún náà lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ni èyí máa ń gbà, wọ́n á wá pààrọ̀ ipò, ẹni tó jókòó á dùbúlẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn tí òfin ti gbà wọ́n láyè láti lo oògùn, ó tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn inú olú tí wọ́n ń pè ní psilocybin máa ń gba bíi wákàtí mẹ́fà, ìjókòó ti MDMA (èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní molly) sì máa ń tó mẹ́jọ. Ìlànà ààbò tí àwọn olùwádìí yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2008 fẹ́ kó jẹ́ èèyàn méjì ló máa wà níbẹ̀, kí aláìsàn má bàa dá wà bí ọ̀kan bá lọ sí ilé ìtọ̀. Ẹ ṣírò owó èèyàn méjì fún ọjọ́ kan gbáko lórí aláìsàn kan ṣoṣo, ẹ ó rí ìdí tí kò fi lè pọ́ọ́kú.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu therapist. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣípò máa ń gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́ kíákíá. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn therapist kan fi hypnosis wá ìrántí tó sọnù kiri. Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìwà ìkà tí òbí hù sí wọn, tí wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rárá. Ilé tú. Ọ̀pọ̀ kóòtù níbẹ̀ kì í gba ẹ̀rí tí hypnosis bá ta jí mọ́. Ẹ wá gbé e wá sí Òṣogbo. Ọmọbìnrin kan ń sunkún, ó ní òun rí obìnrin arúgbó kan. Bí ẹni tó jókòó tì í bá bi í pé, "Ṣé kì í ṣe ìyá bàbá rẹ nìyẹn?", ó ti sọ ìyá àgbà dàjẹ́ nínú ẹbí yẹn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa lè tún un ṣe. Ìbéèrè tí wọ́n ń kọ́ wọn ni: "Kí lẹ rí?" Kí wọ́n sì dákẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìpàdé ọ̀rọ̀ sísọ tún wà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọ́n máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì ta ilẹ̀, má tíì kọ ọkọ, má sì tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ohun tó rí níbẹ̀.

Ṣé òpin ọ̀sẹ̀ méjì lè tó?

Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò ní 2020 pé kí àgbàlagbà lè lo psilocybin lábẹ́ àbójútó. Ẹni tó máa jókòó ti èèyàn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 120, kó tún fi wákàtí 40 ṣe é lójú ọ̀gá. Síbẹ̀ ìwé àṣẹ yẹn kò sọ ọ́ di therapist. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga CIIS ní San Francisco, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 2016, àwọn tó ti ní iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, bíi dókítà, nọ́ọ̀sì àti therapist, ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ́, kí wọ́n tó wá kọ́ èyí lé e. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì lè fi han èèyàn bí ó ṣe ń rí lára. Kò lè sọ àbúrò ìyá aláṣọ di ẹni tó ń tọ́jú ẹnikẹ́ni.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta 2019, àjọ FDA tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí esketamine, ẹ̀yà ketamine kan (oògùn tí wọ́n fi ń mú aláìsàn sùn fún iṣẹ́ abẹ) tí wọ́n ń fín símú, fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí oògùn mìíràn ò ràn. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ aláìsàn fún ó kéré tán wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2023, Ọsirélíà gba àwọn dókítà ọpọlọ tó gba àṣẹ láyè láti lo MDMA àti psilocybin fún irú àìsàn kọ̀ọ̀kan pàtó.

Àmọ́ ní oṣù kẹjọ 2024, FDA kọ̀ láti fọwọ́ sí MDMA, wọ́n ní kí wọ́n tún ìwádìí ṣe. Ọ̀kan nínú ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó gba oògùn náà ń mọ̀ lára pé òun gbà á, kò wá rọrùn láti mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́ tàbí ìrètí. Ìwà àwọn tó jókòó náà tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìwádìí náà ní Kánádà, fídíò fi hàn bí tọkọtaya kan tó yẹ kó ṣọ́ obìnrin kan ṣe dùbúlẹ̀ tì í, tí wọ́n sì dì í mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò ní ìwé àṣẹ therapist lọ́wọ́ nígbà náà.

Hypnosis ńkọ́, ṣé gbájú-ẹ̀ ni?

Rárá. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìtọ́jú ní 1955, ti Amẹ́ríkà ní 1958. Oorun kọ́ ni. Ẹni náà ń gbọ́ ohun gbogbo, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún ìrora àti fún inú tó máa ń dààmú èèyàn láìsí egbò níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ọwọ́ kan èèyàn ní gáràjì tí onítọ̀hún á fi lọ gba owó wá ní báńkì, ẹ̀tàn àti ìpayà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ tiwọn.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

LSD, MDMA àti psilocybin wà lára ohun tí NDLEA ń mú èèyàn fún, bẹ́ẹ̀ náà ni igbó. Kò sí ìwé ẹ̀rí òkè òkun tó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ketamine wà ní ilé ìwòsàn wa fún iṣẹ́ abẹ, lọ́wọ́ dókítà. Ti ọwọ́ àwọn ọmọ àdúgbò kì í ṣe ìtọ́jú. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, èyí tó rọ́pò òfin wèrè ìgbà amúnisìn, dá lórí ẹ̀tọ́ aláìsàn. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi olú wo èèyàn. Mímí ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ òun ló pọ̀ jù lórí WhatsApp. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ dókítà gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn dókítà. Nọ́ọ̀sì náà ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ tún béèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá tí òun máa ń ro iṣẹ́ fún lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹnìkan bá ti lọ, tí kò sì bọ̀ sípò ńkọ́?

Ẹkún àti àárẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kò ṣàjèjì. Àmọ́ bí kò bá sùn fún òru méjì, bó bá ń gbọ́ ohùn, bó bá ń sọ̀rọ̀ láìdánudúró, bó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí bí àyà bá ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ní Òṣogbo, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, ní àwọn dókítà ọpọlọ. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tún ìjókòó náà ṣe fún un pé kó lè parí. Ẹ sọ ohun tó lò fún dókítà láìtijú, iye tó lò, àti wákàtí tó lò ó. Ẹ mú nọ́ńbà ẹni tó jókòó tì í dání, torí dókítà lè fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.